Ara Ń Ké, Ẹnu Dákẹ́: Másùnmáwo, Ìmọ̀lára àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́langba

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú ní Mushin tàbí ní Surulere l'Ékòó kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ láti inú ọkàn. Orí ló ń fọ́ ọ. Inú ló ń run ún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àyà rẹ̀ ń já, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀, kò rí oorun sùn lóru, ó sì ń tòògbé lórí tábìlì ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ á ra Panadol fún un lọ́dọ̀ kẹ́mísì. Bí kò bá lọ, wọ́n á tọ́jú ibà. Bí ibà ò bá lọ, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dì ni. Oṣù lè gorí oṣù kí ẹnikẹ́ni tó jókòó ti ọmọ náà kó bi í pé kí ló ń bà á nínú jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹjọ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn: ara ló máa ń kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé, nígbà tí ọ̀dọ́langba bá wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣé bí ara rẹ̀ ṣe ń gba másùnmáwo ni kò jẹ́ kó lè kápá ìmọ̀lára rẹ̀ ni, àbí àìlèkápá ìmọ̀lára náà ló ń da ara rú? Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Nínú ohun tí mo rí kà, kò dá mi lójú pé ara ọmọ tó rẹ̀wẹ̀sì ń gbóná ju tẹlòmíràn lọ nígbà gbogbo. Ohun tó jọ pé ó bàjẹ́ ni ìrọlẹ̀. Ẹ̀rù dé, ìtìjú dé, ìbínú dé, wọn ò sì tètè padà síbi tí wọ́n ti wá.

Wọ́n ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí nílé wa kí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó dé. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Aro l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ohun tí wọ́n ń kà kò yé wọn mọ́, tí ojú ń ṣú wọn, tí orí àti ọrùn ń ta wọ́n, tó ń jó wọn fòfò. Ó pè é ní brain fag, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń sọ pé ìwé ló ti tán ọpọlọ àwọn lókun. Ní 1987, Roger Makanjuola kọ nípa òde orí, níbi tí aláìsàn ti ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun, tí etí ń hó, tí àyà sì ń já. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ Olufemi Morakinyo ti Ifẹ̀, ẹni tó gbé àlàyé kan jáde ní 1980 tó so ara pọ̀ mọ́ ọkàn: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lé ipò gíga, tó ń fi nǹkan amúnilajú ja oorun kó lè kàwé mọ́jú, tí àníyàn sì ń bá a, ara rẹ̀ á wà lójúfò débi pé kò ní lè rọlẹ̀ mọ́, ìwé ò sì ní wọlé. Àwọn mìíràn ti ń béèrè láti ìgbà náà pé ṣé àìsàn kan gedegbe ni brain fag, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn ló gbé aṣọ mìíràn wọ̀. Bolanle Ola àti Morakinyo fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2009. Ìyẹn kò pa iná àlàyé 1980. Lójú tèmi, ó sún mọ́ ohun tí àwọn tó ń wọn itọ́ àti ìlùkìkì ọkàn ń sọ lónìí ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ó yẹ ká mọ bí ara ṣe ń ṣe é. Bí ewu bá yọjú, ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ń gbà ránṣẹ́ sí ara. Èyí àkọ́kọ́ kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ: àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri á mú kí ọkàn sáré, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀ gba apá àti ẹsẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ọmọ tẹ́rù ń bà, kò purọ́. Ọ̀nà kejì rọra ń bọ̀ lẹ́yìn. Hypothalamus, tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ pituitary tó so mọ́ ọn. Pituitary á ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹṣẹ́ adrenal tó wà lórí kíndìnrín méjèèjì. Àwọn yẹn á tú họ́mọ̀nù cortisol sílẹ̀. Cortisol á tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè ní agbára, á dín iṣẹ́ àwọn ohun tí kò kánjú kù, á sì padà lọ sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó. Ọpọlọ á gbọ́, á dá iṣẹ́ náà dúró. Láti ìgbà tí Hans Selye ti tẹ ìwé kékeré rẹ̀ jáde ní 1936 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ìránṣẹ́ yìí.

Cortisol kì í ṣe ọ̀tá, ó sì yẹ kí n tẹnu mọ́ ọn, torí àwọn kan ti ń ta àgúnmu lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé yóò "fọ cortisol kúrò lára". Láìsí i, a ò ní lè dìde lórí ibùsùn. Bí èèyàn bá jí, ó máa ń ga sókè láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́, ibi tó sì kéré jù sí kì í jìnnà sí ọ̀gànjọ́ òru. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n nínú itọ́: ọmọ á fi òwú sẹ́nu, á jẹ ẹ́ díẹ̀, á dá a padà sínú ìgò kékeré, ó parí. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìwádìí lórí àwọn ọmọdé fi pọ̀ tó báyìí.

Iṣan kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ gba ọrùn lọ sínú àyà àti ikùn. Iṣẹ́ bíréèkì ló ń ṣe fún ọkàn. Bí dáńfó bá ń bọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba, ohun tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi ń hàn kì í ṣe bó ṣe lè tẹná tó. Bó ṣe ń fẹsẹ̀ kan bíréèkì, tó ń tú u, tó tún ń fẹsẹ̀ kàn án ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tó bá pé: bí a bá mí sínú, ìlù rẹ̀ á yá díẹ̀, bí a bá mí sóde, á fà díẹ̀. Kì í dọ́gba bíi ti aago ara ògiri. Bí ìyàtọ̀ àárín ìlù kan sí èkejì bá pọ̀, vagus ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Bí ó bá kéré, bíréèkì ti ń gbó.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára dé nìyí. James Gross ti Yunifásítì Stanford ló fi iṣẹ́ rẹ̀ ní 1998 là á kalẹ̀ pé oríṣiríṣi ibi ni èèyàn ti lè dá sí ìmọ̀lára ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ní Yaba tí èsì JAMB rẹ̀ kò tó ohun tó ń wá. Ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé ọdún kan kì í ṣe ayé, àwọn tó tún un ṣe lọ́dún tó kọjá wà ní UNILAG báyìí. Ìyẹn ni pé ó tún ojú tó fi wo ọ̀rọ̀ náà ṣe kí ìbànújẹ́ tó rinlẹ̀. Ó lè pa ojú dé, kó máa rẹ́rìn-ín láàárín ìdílé, kí ohunkóhun má hàn. Ó sì lè dùbúlẹ̀ kó máa yí èsì náà po lọ́kàn: kí ló dé tí mo fi gọ̀ báyìí, kí ni wọn yóò máa sọ. Susan Nolen-Hoeksema ló fi àìmọye ìwádìí láti 1991 hàn pé ìyípo-po yìí ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì gùn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Ìpaǹkanmọ́, ìyẹn pípa ojú dé, náà ní ohun tó ń ná ara. Ní 1993, Gross àti Robert Levenson fi fíìmù iṣẹ́ abẹ tó ń ríni lára han àwọn èèyàn, wọ́n sì ní kí àwọn kan má jẹ́ kí ẹni tó bá ń wò wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń rí ohunkóhun. Ojú wọn tutù lóòótọ́. Àmọ́ ara wọn ń làágùn ju ti àwọn tó fi ojú wọn sílẹ̀ lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì fún. Wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ohun tí wọ́n rí kó wọn nírìíra; pípa ojú dé kò dín in kù. Ìyẹn ni pé ẹni tó dákẹ́ kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Ara ló ń bá a san gbèsè.

Kí wá ni wọ́n rí lára àwọn ọ̀dọ́langba tí wọ́n ti mọ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣe? Ní 2009, Nestor Lopez-Duran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n rí i pé cortisol àwọn ọmọ tó rẹ̀wẹ̀sì máa ń ga díẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ kódà bí kò bá sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń fò sókè jù bí ohun adẹ́rùbani bá dé. Ní 2016, Julian Koenig àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lórí ọkàn: ìyàtọ̀ àárín ìlù kan sí èkejì kéré sí i lára àwọn ọmọ tó rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ náà, "díẹ̀". Ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbo àti agbo ni, kì í ṣe ohun tí dókítà lè wò lára ọmọ kan ṣoṣo kó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó rẹ̀wẹ̀sì ni ìwọ̀n wọn bá tẹgbẹ́ mu, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn sì dá ṣáṣá ni tiwọn ga.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Benjamin Hankin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí wọn ní 2010 hàn pé àwọn ọmọ kékeré tínú wọn bàjẹ́, cortisol wọn kì í tilẹ̀ dìde tó bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ti wọ ọdún ìbàlágà, ọ̀rọ̀ á yí padà, tiwọn á wá máa fò ju ti ẹgbẹ́ lọ. Nǹkan kan ń tún ara tò ní ìgbà ìbàlágà. Ibi tí iṣẹ́ kò sì tíì parí ni iwájú ọpọlọ, apá tó ń bá wa ro ọ̀rọ̀ kí a tó hùwà. Kì í tó géńdé títí èèyàn á fi kọjá ogún ọdún dáadáa. Ẹni ọdún márùndínlógún ní ara tó lè gbaná, kò tíì ní ọ̀gá tó lè pa iná náà. Òbí tó bá ń pariwo pé ọmọ òun ti dàgbà tó láti mọ̀wàá hù, ó tọ̀nà ní ìdajì.

Ní 2014, ẹgbẹ́ Ian Goodyer ní Cambridge tẹ iṣẹ́ kan jáde tó mú ariwo dání. Wọ́n wọn cortisol àárọ̀ nínú itọ́ àwọn ọ̀dọ́langba tó lé ní 1,800, wọ́n sì béèrè àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọkùnrin tí cortisol wọn ga, tí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì sì ti hàn lára wọn, ìlọ́po mẹ́rìnlá ni ewu pé ìrẹ̀wẹ̀sì gidi yóò mú wọn fi pọ̀ ju ti àwọn tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì lọ. Ti àwọn ọmọbìnrin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Cortisol kò fi ohun púpọ̀ kún un. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé àyẹ̀wò ìrẹ̀wẹ̀sì ti dé. Kò dé. Bí ilé àyẹ̀wò kankan ní Ikorodu Road bá sọ fún yín pé òun lè fi cortisol mọ̀ bóyá ọmọ yín ń rẹ̀wẹ̀sì, ẹ mú owó yín padà sílé.

Ẹ̀rí ìrọlẹ̀ tí mo ń sọ, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ló ti lágbára jù. Àkójọ tí Heather Burke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2005 fi hàn pé nígbà tí másùnmáwo bá kọjá, cortisol ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì kì í wálẹ̀ bí ti ẹni tára rẹ̀ dá. Ìyípo-po lọ́kàn jọ pé ó wà lára ohun tó ń dì í mú sókè. Ní 2012, Peggy Zoccola àti Sally Dickerson wo àwọn ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n ní bí èèyàn bá ń yí ọ̀rọ̀ po lọ́wọ́lọ́wọ́, ibẹ̀ ni cortisol ti máa ń ga. Bí ó bá kàn jẹ́ pé ẹni náà sọ pé "mo máa ń ro àròjù", èsì kì í dọ́gba. Èyí wúlò. Kì í ṣe ìwà ọmọ ló yẹ ká máa dá lẹ́jọ́. Ohun tó ń ṣe láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí méjìlá ló yẹ ká mọ̀.

Irú wàhálà wo ló tilẹ̀ ń gbé cortisol sókè jù? Dickerson àti Margaret Kemeny ti dáhùn rẹ̀ ní 2004 lẹ́yìn tí wọ́n wo ìwádìí 208: ohun tí apá èèyàn kò ká, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń wò ó, tí wọ́n ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ìtìjú gbangba nìyẹn. Ìdánwò tí wọ́n ń lò jù ní yàrá ìwádìí, tí àwọn ará Trier ní Jámánì gbé kalẹ̀ ní 1993, bá a mu rẹ́gí. Wọ́n á mú ọ dúró níwájú àwọn àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó o sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ, lẹ́yìn náà kó o máa yọ 13 kúrò lára 1,022 láìdúró. Bó o bá ṣì í, ohùn kan á sọ pé kó o bẹ̀rẹ̀ láti 1,022. Nígbà tí mo kà á, ohun tó wá sọ́kàn mi ni àpéjọ àárọ̀ ilé-ẹ̀kọ́: ọmọ tí kò tíì san owó ilé-ìwé, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tó jáde síwájú, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń wò ó. Àwọn ará Jámánì ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó ṣe é fún un. Àwa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ní aago méje ààbọ̀.

Àwọn ìwádìí tí mo ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti dé orí cortisol, ibi tí wọ́n ti wá jìnnà sí Ìdí-Àràbà ní Èkó. Ní 2010, Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí i pé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá nínú àwọn ìwé ìròyìn onímọ̀ ńlá ló wá láti orílẹ̀-èdè tí ìdá 12 péré nínú ènìyàn ayé ń gbé. Ní tiwa, ìwé ìbéèrè la ní. Ní 2007, Abiodun Adewuya, Ola àti Olutayo Aloba fi ìwé ìbéèrè Beck wọn ìrẹ̀wẹ̀sì láàárín ọ̀dọ́langba tó ju 1,000 lọ, wọ́n sì fi hàn pé ẹni tó bá gba 18 sókè ló yẹ kí wọ́n wò dáadáa. Olayinka Omigbodun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ọ̀dọ́ 1,429 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008: ó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti ro pé kí àwọn pa ara àwọn láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá 12 sì sọ pé àwọn ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn tí ojú rẹ̀ kò ṣí, kò kà á dáadáa.

Àìrọlẹ̀ ní Mainland Èkó kò nílò yàrá ìwádìí. Ara ọ̀dọ́langba fúnra rẹ̀ ti sún aago oorun síwájú: oorun kì í tètè kun ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó sì gbọ́dọ̀ dìde ní aago márùn-ún kí gòsíló má bàa ká a mọ́nà, kó pọn omi, kó gbálẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo títí di ọ̀gànjọ́, ẹ̀fọn ń jẹni, ẹ̀kọ́ àfikún tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé ò parí kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwádìí Matthew Walker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2007 fi hàn pé ẹni tí kò sùn lóru kan ṣoṣo, amygdala rẹ̀, apá tó ń ta ìdágìrì nínú ọpọlọ, á fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ bó bá rí àwòrán tí kò dára, okùn tó so ó mọ́ iwájú ọpọlọ á sì tú. Òru kan ni wọ́n fi dán an wò. Àwọn ọmọ wa ń fi táàmù odindi ṣe é. Bí mo bá ní láti yan ibi kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ lè ti bẹ̀rẹ̀, oorun ni mo máa yàn, kí n tó dárúkọ cortisol rárá.

Ọ̀rọ̀ mú-un-mọ́ra kò ní ìdáhùn kan tó rọrùn. Nílé Yorùbá, ẹni tó bá ń fi ìbínú rẹ̀ han gbogbo èèyàn, a ò kà á sí ọmọlúwàbí. Sùúrù ni baba ìwà. Ṣé ìwádìí Gross àti Levenson ní 1993 wá ń sọ pé àwọn òbí wa ń pa wá lára ni? Mi ò gbà. Ní 2007, Emily Butler, Tiane Lee àti Gross rí i pé àwọn obìnrin tó di àṣà Éṣíà mú, tí wọ́n gbà pé kí èèyàn má máa tú ìmọ̀lára rẹ̀ dà síta dára, ìpaǹkanmọ́ kì í ṣe àjọṣe wọn pẹ̀lú ẹlòmíràn ní jàǹbá tó ti àwọn tí wọ́n ní àṣà ìhà Yúróòpù. Ohun tí a bá gbà gbọ́ nípa dídákẹ́ ń yí ohun tí dídákẹ́ ń ṣe fún wa padà. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó dákẹ́ nítorí pé ó mọ ìgbà àti ibi tí yóò ti sọ ọ́, àti ẹni tó dákẹ́ nítorí pé kò sí ibi tí wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ní ilé ńlá àtijọ́, ọmọ tí bàbá nà lè sá wọ yàrá ìyá àgbà. Nínú ilé face-me-I-face-you ní Mushin, yàrá kan, èèyàn mẹ́fà, ọmọ kò ní ibi tó lè sunkún sí, ìyá àgbà sì wà ní Ìjẹ̀bú. Ọmọkùnrin ló tún burú sí jù: wọ́n ti ní ọkùnrin kì í sunkún, ìbínú nìkan ni wọ́n gbà á láàyè láti fi hàn. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń pè ní oríkunkun níbẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ni.

Ó ṣe é tọ́jú. Tolulope Bella-Awusah, Omigbodun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2016: ogójì akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ girama méjì n'Íbàdàn, gbogbo wọn ti gba 18 sókè nínú ìwé Beck. Ogún nínú wọn jókòó ní agbo kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, wọ́n kọ́ bí ìrònú ṣe ń fa ìmọ̀lára àti bí a ṣe lè tún ojú tí a fi ń wo nǹkan ṣe. Ìrẹ̀wẹ̀sì wọn wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń dúró de àyè wọn lọ. Ní Kenya, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ Shamiri kọ́ láti darí irú agbo bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì tí Tom Osborn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021 láti ara ọ̀dọ́langba 413 sì dára. Èyí kò béèrè dókítà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn dókítà ọpọlọ wa kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti sá lọ sí òkèèrè.

Ara náà ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Bí èèyàn bá mí díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìmísóde gùn ju ìmísínú lọ, ìyàtọ̀ àárín ìlù ọkàn á gbòòrò lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dán an wò pẹ̀lú ìka lórí ọrùn ọwọ́. Kì í wo ìrẹ̀wẹ̀sì sàn. Ó kàn ń fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan tí iwájú ọpọlọ lè fi bá a ro ọ̀rọ̀, ìyẹn náà kò kéré ní àárọ̀ WAEC. Àwọn tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fa ohùn gùn, ń ṣe irú rẹ̀ láìmọ̀. Ìṣọ́ òru méjì lọ́sẹ̀ fún ọmọ tí kò rí oorun sùn, ìyẹn ni mo lòdì sí.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba ti wà láti 1907, orúkọ ẹ̀sín tí àwọn ará Èkó sọ ọ́, Yaba Left, sì ń lé ọ̀pọ̀ òbí padà ní ẹnu ọ̀nà títí di òní. Kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba ní ibi tiwọn ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Oshodi, LUTH náà sì wà ní Ìdí-Àràbà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 ti lé òfin wèrè tó ti wà láti ìgbà àwọn òyìnbó kúrò. Òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ ṣì ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Èkó, láti 2011, ní kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba ọmọ.

Bí òbí bá mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kó gbà kí dókítà bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìkan fún ìgbà díẹ̀, kó jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á bi ọmọ náà nípa oorun, oúnjẹ, orí fífọ́, àyà jíjá. Wọ́n á bi í bóyá ó ti rò ó rí pé kí òun kú. Bíbi í kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Òbí tó bá wà níbẹ̀ á fẹ́ bá a dáhùn, ọmọ á sì wojú rẹ̀ kó tó la ẹnu.